Ẹ̀yin Ará Ọ̀tan-Ilé, Kí A Tó Fún Wọn Nílẹ̀, Kí A Kọ Ọ́ Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kì í ṣe ti òṣèlú. Ó kan ilẹ̀ wa, ó kan omi wa, ó sì kan ẹ̀gẹ́ tí à ń gbìn, tí à ń jẹ, tí à ń tà láti fi rán ọmọ níléèwé.

Ní ọdún 2007, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà kan jáde pé kí wọ́n máa po ẹ́tánọ́ọ̀lù mọ́ epo bẹntiróòlù, ìdá kan nínú mẹ́wàá. Láti ìgbà náà ni ojú àwọn olówó ti wà lára ilẹ̀ ẹ̀gẹ́. Ní Ìgbẹ́sà, ìpínlẹ̀ Ògùn, Allied Atlantic Distilleries kọ́ ilé iṣẹ́ tó ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe ẹ́tánọ́ọ̀lù. Ní Òkèlúsè, ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìjọba ìpínlẹ̀ àti NNPC ti tọwọ́ bọ̀wé pé wọ́n fẹ́ kọ́ irú rẹ̀. Ìlú bíi tiwa, tó ní ilẹ̀, tó ní òjò, tó ní àgbẹ̀, tí kò sì jìnnà sí Iléṣà àti Òṣogbo, ni irú àwọn oníṣòwò bẹ́ẹ̀ ń wá. Ọjọ́ tí wọ́n bá kanlẹ̀kùn, ìwé tiwọn á ti wà lọ́wọ́ wọn. Tiwa ńkọ́? Ohun kan ṣoṣo ni mò ń bẹ̀ yín sí: ẹ má ṣe jẹ́ kí a fún ẹnikẹ́ni nílẹ̀ láìjẹ́ pé àdéhùn ti wà lákọsílẹ̀, tí gbogbo ìlú ti gbọ́ ọ, tí wọ́n sì ti gbà á.

Ẹ́tánọ́ọ̀lù yìí, ọtí líle ni. Ẹni tó bá ti rí ibi tí wọ́n ti ń se ògógóró rí ti mọ ìdajì rẹ̀. Wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sè é pẹ̀lú èròjà tó ń sọ ọ́ di omi dídùn bíi ṣúgà, wọ́n á wá fi ìwúkàrà sí i kó lè kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dáná sí i, tí wọ́n á gba ọtí inú rẹ̀. Ó ń jó bí epo. Wọ́n ń fi ṣe oògùn, wọ́n ń fi ṣe lọ́fínńdà, wọ́n ń fi ṣe ọtí mímu. Òkèèrè ni Nàìjíríà ti ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú èyí tí à ń lò.

Ire wà nínú irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, n kò ní parọ́. Gbogbo àgbẹ̀ ló mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ lè dúró dè wá nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n tí a bá ti hú u, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló ní, ó ti ń dúdú nínú. Ohun tó jẹ́ kí alágbàtà máa dá iye tó wù ú lé e nìyẹn, torí ó mọ̀ pé a kò lè gbé e padà sínú ilẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó bá wà nítòsí, tó ń rà á lójoojúmọ́, lè gbà wá lọ́wọ́ ìyẹn. Ní ẹ̀bá Adó-Àwáyè, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ilé iṣẹ́ Psaltry tí Arábìnrin Olúyẹmisí Ìránlọ́yè dá sílẹ̀ ń ra ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ àdúgbò, ó ń fi ṣe sítáàṣì. Irú rẹ̀ ṣeé ṣe nílẹ̀ Yorùbá.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn là á rò. Nígbà tí Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ wà lórí oyè, láti ọdún 2002, ìjọba pariwo ẹ̀gẹ́ káàkiri. Wọ́n ní ká gbìn ín, wọ́n ní ọjà wà, wọ́n ní wọ́n á máa po ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ mọ́ ti búrẹ́dì. Àwọn àgbẹ̀ gbọ́, wọ́n yáwó, wọ́n ro oko kún oko. Nígbà tí ẹ̀gẹ́ gbó, ọjà kò gbà á tán. Owó rẹ̀ já wálẹ̀ débi pé ẹlòmíràn fi tirẹ̀ sílẹ̀ sínú ilẹ̀, torí owó àwọn tó máa hú u àti owó ọkọ̀ ju iye tí wọ́n fẹ́ rà á lọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n gbára lé. Kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ wọn tí wọ́n lè fi bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́.

Àwa Ìjẹ̀ṣà mọ bí àṣẹ ìjọba ṣe ń yí ọjà padà. International Breweries bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí ní Iléṣà lọ́dún 1978. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ìjọba fòfin de bálì tí àwọn ilé iṣẹ́ ọtí ń kó wọlé láti òkèèrè, gbogbo wọn sì yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo abẹ́lé. Àgbẹ̀ ló jèrè lọ́tẹ̀ yẹn. Bí àṣẹ mìíràn bá dé lọ́la pé kí ẹ́tánọ́ọ̀lù òkèèrè máa wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ ló máa kọ́kọ́ jẹ ìyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ Ìgbẹ́sà láti máa ṣe lítà mílíọ̀nù 9 lọ́dún, ó sì nílò nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 250 ẹ̀gẹ́ tútù lójúmọ́. Bí a ṣe ń gbìn ín níhìn-ín, hẹ́kítà kan, tí í ṣe éékà méjì àbọ̀, kì í sábà mú ju tọ́ọ̀nù 10 lọ. Ó túmọ̀ sí pé oko hẹ́kítà 25, tó fẹ̀ ju 30 pápá bọ́ọ̀lù lọ, ni irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń jẹ lójúmọ́ kan. Bó bá ṣiṣẹ́ fún 300 ọjọ́, hẹ́kítà 7,500 nìyẹn lọ́dún. Níbo la ti máa rí i? Ṣé oko kòkó la máa gé ni? Ṣé ilẹ̀ iṣu ni? Àwọn Ẹ̀bìrà àti àwọn àjèjì mìíràn tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, tí wọ́n ń bá wa bọ́ ìlú yìí, ni wọ́n máa kọ́kọ́ lé.

Ẹ tún ro ti àwọn ìyá wa tó ń ṣe gàrí. Ẹ lọ wò wọ́n láàárọ̀. Ọ̀kan jókòó ti òkìtì ẹ̀gẹ́, ọ̀bẹ lọ́wọ́, ó ń bó o. Ọ̀kan ń di èyí tí wọ́n ti rin sínú àpò, ó ń fi jáàkì fún omi rẹ̀. Ọ̀kan wà nídìí agbada, èéfín ń wọ̀ ọ́ lójú, ó ń fi igbá yí gàrí kó má baà jóná. Owó kékeré tó wà nídìí aṣọ rẹ̀ ló fi ń ra ẹ̀gẹ́ lóko. Ọjọ́ tí ọkọ̀ ńlá ilé iṣẹ́ bá dúró lójú ọ̀nà, tó sì fi díẹ̀ lé owó, ọkọ̀ ni àgbẹ̀ máa tà á fún, n kò sì ní bá a wí. Ṣùgbọ́n kí ni ìyá yẹn máa yan? Èló ni tíṣà àti bíríkìlà máa ra kóńgò gàrí? Ní January 2007, àwọn ará Mexico wọ́ jáde ní olú-ìlú wọn nítorí oúnjẹ àgbàdo wọn tó wọ́n gógó, wọ́n sì ka ẹ́tánọ́ọ̀lù tí Amẹ́ríkà ń fi àgbàdo ṣe mọ́ ohun tó fà á.

Omi ló ká mi lára jù. Lítà ẹ́tánọ́ọ̀lù kan lè fi lítà 10 sí 15 omi ìdọ̀tí sílẹ̀, omi dúdú, gbígbóná, tó kan. Bó bá ṣàn wọ odò, á jẹ afẹ́fẹ́ inú omi tán, ẹja á kú, omi á máa rùn. Bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, wọ́n lè rí gáàsì ìdáná gbà nínú rẹ̀, wọ́n sì lè fi ìyókù bomi rin oko, bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Brazil. Owó ni ìtọ́jú yẹn, ẹni tí kò sí lábẹ́ àdéhùn kò ní fẹ́ ná an. Ẹ sì rántí odò Ọ̀ṣun. Wíwa góòlù nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wà lára ohun tó sọ omi náà di pípọ́n, tó fi jẹ́ pé ní 2022 ìjọba ní kí àwọn tó wá ṣọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo má ṣe mu ún. Ohun tí a bá dà sódò lókè, ará ìsàlẹ̀ ló máa mu ún.

Àpẹẹrẹ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ tí a bá fún wọn wà ní Sierra Leone. Ní 2010, Addax Bioenergy, ilé iṣẹ́ àwọn ará Switzerland, gba ilẹ̀ fún 50 ọdún nítòsí ìlú Makeni láti gbin ìrèké tí wọ́n á fi ṣe ẹ́tánọ́ọ̀lù. Àwọn báńkì ńláńlá ló dúró tì wọ́n. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ́tánọ́ọ̀lù ní 2014, nígbà tí àrùn Ebola ń jà. Nígbà tó fi di 2015, wọ́n ti dín iṣẹ́ kù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ padà sílé, àwọn tó ti fi oko wọn sílẹ̀ kò sì rí owó oṣù gbà mọ́. Ní 2016, wọ́n tà á fún ilé iṣẹ́ mìíràn. Ilẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí àwọn onílẹ̀ kò bá jókòó sọ̀rọ̀ rí.

Ẹ má rò pé òfin nìkan máa gbà wá. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ ti 1978, bí ìjọba bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀, owó ilé àti irè oko ni wọ́n á san, wọn kò ní san iye tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ tó. Òfin ìwakùsà ti 2007 fi dandan lé e pé kí awakùsà bá ìlú kọ àdéhùn. Òfin epo rọ̀bì ti 2021 ya owó sọ́tọ̀ fún ìlú tó gba elépo lálejò. Ẹ̀gẹ́ kò sí nínú méjèèjì. Àwa fúnra wa la máa kọ tiwa. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ méjì wà lọ́wọ́ wa: òfin 1992 lórí àyẹ̀wò àyíká ní kí ìjọba gbọ́ tẹnu ará ìlú kó tó fọwọ́ sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, òfin 2011 tó fún wa lẹ́tọ̀ọ́ sí ìròyìn sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé béèrè ìwé àyẹ̀wò náà, kí wọ́n sì dá a lóhùn láàárín ọjọ́ méje.

Àwọn baba wa tó ṣe òṣómààló ta aṣọ láwìn káàkiri. Kí aṣọ tó kúrò lórí ẹrù, wọ́n ti mọ orúkọ ẹni tó gbà á, wọ́n mọ ilé rẹ̀, wọ́n mọ ọjọ́ ìsanwó. Bẹ́ẹ̀ ni kí a ṣe ilẹ̀ wa. Kí àdéhùn wa ní ohun márùn-ún yìí nínú.

Èkíní, kí a fi ilẹ̀ yá wọn, kí a má tà á; kí ọdún rẹ̀ ní òǹkà, kí ààlà rẹ̀ wà nínú àwòrán ilẹ̀, kó sì padà sọ́wọ́ onílẹ̀ bí iṣẹ́ bá dúró.

Èkejì, kí iye tó kéré jù tí wọ́n lè ra ẹ̀gẹ́ wa wà lákọsílẹ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ sanwó. Kí àgbẹ̀ dúró níwájú òṣùwọ̀n. Bí wọ́n bá ní ká hú ẹ̀gẹ́, tí ọkọ̀ wọn kò sì dé, àwọn ni kó san owó èyí tó bá bàjẹ́.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n yẹ omi odò àti kànga wa wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì máa yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí wọ́n lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ààfin, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí.

Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n sọ iye iṣẹ́ àti irú iṣẹ́ tó kan ọmọ ìlú. Ẹ̀rọ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí náà kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ wà nítòsí wa ní Ẹ̀sà-Òkè.

Ẹ̀karùn-ún, kí wọ́n fi owó ìpalẹ̀mọ́ sí báńkì láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ìdọ̀tí wọn má baà di ẹrù wa bí iṣẹ́ bá dúró. Ní Mead, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Nebraska ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ ẹ́tánọ́ọ̀lù AltEn ń lo irúgbìn àgbàdo tí wọ́n ti fi oògùn apakòkòrò ra. Nígbà tí ìjọba tì í pa ní 2021, òkìtì ìdọ̀tí olóró ni wọ́n bá nílẹ̀ níbẹ̀.

Kábíyèsí àti ẹ̀yin ìjòyè wa, mo fi orí balẹ̀: ẹ má ṣe tọwọ́ bọ̀wé ní àṣálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀yin olórí ẹbí, ẹ má dá ilẹ̀ ẹbí fúnni láìpe àwọn ọmọ ẹbí. Ẹ fi àwọn ìyá tó ń ṣe gàrí àti àwọn tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ sínú ìgbìmọ̀ tó máa kọ àdéhùn náà, torí àwọn ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ka ìwé àdéhùn náà fún àwọn òbí yín ní Yorùbá, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀yin agbẹjọ́rò ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi, ìgbà yìí ni ìlú nílò yín.

Ẹ pe ìpàdé ìlú lórí àdéhùn yìí báyìí, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì kanlẹ̀kùn. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa ṣe iṣẹ́ òdodo kò ní bínú sí ìwé. Ẹni tó bá bínú sí i, kó máa bá tirẹ̀ lọ.