Ọmọ tó ń pe "Ojúẹlẹ́gbà, Bárékè!" tí kò dáhùn orúkọ ẹ̀

Ẹ̀yin ará Muṣin àti Surulérè, ẹ ó ti rí irú ọmọ yìí rí. Gbogbo bọ́sítọ́ọ̀pù tí kọ̀ndọ́kítọ̀ ń pè ló há sórí: Ojúẹlẹ́gbà, Bárékè, Stadium, kò ní fo ọ̀kan. Ẹ wá bi í pé, "Kí lorúkọ ẹ?" "Kí lorúkọ ẹ?" lòun náà á wí. Kíá làwọn aládùúgbò á ti ní emèrè ni. Irọ́ gbuu!

Ó lè jẹ́ ọ́tísìmù. Lọ́dún 1943 ni Dókítà Leo Kanner kọ̀wé nípa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ 11 l'Amẹ́ríkà. Ọ̀kan nínú wọn ti há Sáàmù 23 sórí ní kékeré, àmọ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀.

Odidi ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé ọ̀rọ̀ mì. Títú u láti fi sọ tuntun ló ń le. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, "Ṣé o fẹ́ mu omi?" tí ìyá ẹ̀ máa ń bi í ló máa sọ. Ìyá ò gbọ́dọ̀ gbá a létí o, omi ló ń tọrọ! Kó gbé omi fún un, kó sọ ọ́ bí ọmọ ì bá ṣe sọ ọ́: "Mo fẹ́ mu omi."

LUTH wà ní Ìdí-Àràbà. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ etí ẹ̀ wò.