Ọ̀gá Tí Ń Fi Iṣẹ́ Pamọ́

Àwọn kan ní àkókò ọ̀gá ló ń ṣòfò bí ó bá ń kọ́ ọmọṣẹ́ lọ́fíìsì. N kò gbà. Lọ́dọ̀ àwọn agbẹ́gilére wa, ọmọṣẹ́ ní ń ṣá igi, ọ̀gá ní ń gbẹ́ ojú ère. Ọmọ ń mọṣẹ́, iṣẹ́ ọ̀gá sì ń fúyẹ́. Láti 1973 ni ètò SIWES ti ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́, ó sì ń rán ti Pólì Rufus Giwa ní Ọ̀wọ̀ náà lónìí. Ṣùgbọ́n ní ọ́fíìsì kan lọ́nà Ìfọ́n (n kò ní dárúkọ rẹ̀), tíì ni ọmọ ń pò fóṣù mẹ́ta! Ọ̀gá rẹ̀ nìkan ló mọ ibi tí fáìlì wà. Ó pè é lọ́gbọ́n, kò sì rí ìsinmi gbà. Bí ó bá fẹ̀yìn tì, ilé ni wọn yóò ti máa wá a kiri nítorí kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù.