Ẹ Má Kàn Sanwó, Ẹ Béèrè Ìdí Tó Fi Wọ́n

Ẹ̀yin ará Alímọ̀ṣọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìkọ̀tún, ní Ẹ̀gbẹ́dá, ní Ìgàndó, ní Ìdímù àti Àkówọnjọ, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo bá wá. Àwọn ilé oúnjẹ ìgbàlódé tó wà létí títì wa ni mò ń bá wí, àwọn tó ń ta ìrẹsì àti adìẹ díndín, mítí-páì àti ẹ̀gí-róòlù, tí iná wọn kì í kú bó ti wù kí àdúgbò ṣókùnkùn tó. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn: ilé-iṣẹ́ tó bá ti ń jèrè lórí iye tó ń tà lónìí kò gbọdọ̀ tún fowó lé e, àyàfi tó bá lè ṣàlàyé fún wa ohun tó wọ́n sí i lọ́wọ́ òun náà. Bí kò bá ṣàlàyé, àwa tá à ń rà ló yẹ ká béèrè, ká sì mọ ohun tá a máa ṣe tí wọn ò bá dá wa lóhùn.

Mi ò sọ pé irọ́ ni wọ́n pa nígbà tí wọ́n ní nǹkan wọ́n. Gbogbo wa la jọ wà níbí ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde níbi ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Lítà tá à ń rà ní nǹkan bíi ₦190 sún mọ́ ₦500 kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ó sì ti kọjá ₦600 nígbà tó fi di oṣù Keje. Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn kan náà, ìjọba tú náírà sílẹ̀. Dọ́là tó wà ní nǹkan bíi ₦460 ní báńkì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, ó sì ti kọjá ₦1,500 kí ọdún 2024 tó parí. Àgbàdo àti sóyà tí wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ adìẹ gbówó lórí, òróró gbówó lórí, dísù tí jẹnẹrétọ̀ ń mu gbówó lórí. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná gbé yúníìtì kan fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kó máa rí iná jù, láti nǹkan bíi ₦68 lọ sí ₦225. Nígbà tó fi di oṣù Kẹfà ọdún 2024, àjọ NBS tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ sọ pé oúnjẹ ti fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n ju bó ṣe wà lọ́dún kan ṣáájú. Ẹni tó bá fowó lé ọjà nígbà yẹn, a rí ohun tó ń lé e. A bá a kẹ́dùn, a sì sanwó.

Àmọ́ nǹkan ò dúró síbẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde pé fún àádọ́jọ ọjọ́, kí wọ́n kó àgbàdo, ìrẹsì, àlìkámà àti ẹ̀wà wọlé láìsan owó ibodè. Nígbà tó fi di ọdún 2025, owó àgbàdo àti ìrẹsì ti wálẹ̀ débi pé àwọn àgbẹ̀ ló wá ń ké pé àwọn ń pàdánù. Dọ́là náà dẹ́kun eré. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, lẹ́yìn tí àjọ NBS ti tún ọ̀nà ìṣirò rẹ̀ ṣe, iye tí wọ́n ní oúnjẹ fi ń wọ́n sí i lọ́dún ti já sí nǹkan bí ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ jọ̀ọ́, bọ́ọ̀dù ilé oúnjẹ wo lẹ rí ní Ẹ̀gbẹ́dá tí iye ara rẹ̀ bá a wálẹ̀? Èmi ò rí ọ̀kan. Nígbà tí àgbàdo ń gòkè, àgbàdo ni wọ́n fi ṣàlàyé fún wa. Nígbà tó sọ̀, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ rẹ̀.

Nígbà míì tẹ́ ẹ bá wọlé, ẹ wo bọ́ọ̀dù yẹn dáadáa. Níbòmíì, sítíkà funfun kékeré ni wọ́n lẹ̀ mọ́ orí iye àtijọ́. Ẹ máa rí i pé etí rẹ̀ ti nípọn, nítorí sítíkà míì wà lábẹ́ rẹ̀, òmíràn sì tún wà lábẹ́ ìyẹn. Ìyẹn ṣì dáa, torí ó hàn síta. Èyí tó máa ń dùn mí jù ni èyí tí kò ní sítíkà. Ọmọ tó ń bu oúnjẹ á ti ṣíbí ńlá bọnú ìrẹsì, á gbé e sókè pẹ̀lú òkìtì lórí, á wá fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbá etí abọ́ kí orí rẹ̀ lè tẹ́jú pẹrẹsẹ kó tó dà á sínú ike yín. Iye tó wà lára bọ́ọ̀dù kò yí padà, ìrẹsì ló dín kù. Ẹ má bú ọmọ náà o. Wọ́n ti fi iye ike tí ìkòkò kan gbọ́dọ̀ kún lé e lọ́wọ́ kó tó wọṣẹ́ láàárọ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé kí ló kan tálákà kan ilé oúnjẹ ìgbàlódé, kí kálukú lọ dáná nílé ẹ̀. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ Ìkọ̀tún ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹni tó jáde nílé nígbà tí ilẹ̀ ò tíì mọ́ kó lè rí ọkọ̀ wọ̀ lọ sí Ìkẹjà tàbí Erékùṣù, tí gosiló ojú ọ̀nà LASU sí Ìṣẹrì wá dá a dúró nígbà tó ń bọ̀, kò sí ìkòkò tó máa gbé kaná lálẹ́ yẹn. Nọ́ọ̀sì tó jáde iṣẹ́ òru ní ọsibítù ìjọba tó wà ní Ìgàndó ńkọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ LASU tó ń ti Ìyànà Ìba bọ̀ ńkọ́? Ilé oúnjẹ yẹn ni obìnrin ti lè jókòó pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ níbi tí iná wà, tí omi wà, tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, tí ẹnikẹ́ni ò ní yọ ọ́ lẹ́nu. Ní ìjọba ìbílẹ̀ tó pọ̀ bíi tiwa, níbi tí ọgbà ìtura àti ìjókòó ìta ò ti tó nǹkan, ohun tí wọ́n ń tà fún wa ju adìẹ lọ, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún bá mi ṣírò owó. Láti oṣù Keje ọdún 2024, ₦70,000 lóṣù ni owó oṣù tó kéré jù lórílẹ̀-èdè yìí. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sọ pé ₦85,000 lòun máa san fún òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Tá a bá pín ₦70,000 sí ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kò pé ₦2,700 lóòjọ́. Àwo ìrẹsì kan pẹ̀lú adìẹ kan àti ohun mímu lè kó gbogbo ìyẹn lọ, kó máà tíì kan owó ọkọ̀ tàbí owó ilé. Ẹni tó bá fi ₦200 lé irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ lè rí i bí owó kékeré. Lọ́wọ́ ẹni tó ń gba ₦70,000, owó ọ̀kadà láti bọ́sítọ́ọ̀pù délé ni.

Àwọn ilé-iṣẹ́ náà ní àlàyé tiwọn. Wọ́n á ní èlé báńkì pọ̀, wọ́n á ní àwọn fẹ́ ṣí ẹ̀ka tuntun, wọ́n á ní òṣìṣẹ́ ń béèrè owó. Lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀ka tuntun, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ bá àwọn tó ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́. Àwọn ni wọ́n máa pín èrè nígbà tí ẹ̀ka náà bá ń pa owó. Kò sí ẹni tó máa pín in fún èmi àti ẹ̀yin tí a ra ìrẹsì. Lórí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, tèmi yàtọ̀ pátápátá. Tí ilé-iṣẹ́ kan bá kọ ọ́ síta pé ₦200 tí òun fi lé oúnjẹ, ọwọ́ ọmọ tó dúró ní kántà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ló ń lọ, màá san án láìjanpata. Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, òfin gbé owó iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé oúnjẹ ńláńlá sókè sí 20 dọ́là fún wákàtí kan láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 2024. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan fowó lé oúnjẹ nítorí ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń rà á mọ ibi tí owó rẹ̀ ń lọ. Ta ló ti sọ tiwa fún wa?

Ká má sì da gbogbo wọn pọ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń pàdánù yàtọ̀ sí èyí tó ń jèrè. Tantalizers, tó bẹ̀rẹ̀ ní Fẹ́sítáàkì ní ọdún 1997, kéde àdánù ní ọ̀pọ̀ ọdún. Bí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ní òun fẹ́ fowó lé mítí-páì kí òun má bàa kógbá sílé, ọ̀rọ̀ tó ṣeé gbọ́ ni. Ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ tí ìpín rẹ̀ wà lọ́jà kì í ṣe àṣírí. Ti Tantalizers wà ní ọjà ìpín NGX. Ti Food Concepts, tó ni Chicken Republic, wà ní ọjà ìpín NASD. Ọmọ yín tó ń tẹ fóònù ní gbogbo òru lè bá yín wá a jáde, kẹ́ ẹ wo ìlà tí wọ́n kọ èrè sí, kẹ́ ẹ fi ti ọdún yìí wé ti èṣí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé ìṣirò láàárín wa, iṣẹ́ yín nìyí.

Nígbà tí oníbàárà bá fẹsẹ̀ kọ̀, kò sí ilé-iṣẹ́ tó tóbi jù láti gbọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ọ̀gá McDonald's ní Amẹ́ríkà, Joe Erlinger, kọ lẹ́tà sí gbogbo ayé pé oúnjẹ àwọn ti fi nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n ju ti ọdún 2019 lọ, ó ní ìnáwó àwọn ló fà á. Àwọn mẹ̀kúnnù ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra kó tó kọ ọ́. Láàárín oṣù mẹ́ta tó parí sí oṣù Kẹfà, títà wọn já wálẹ̀, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ sí wọn láti ọdún 2020. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà, wọ́n gbé oúnjẹ 5 dọ́là jáde. Kò sí ìjọba tó pàṣẹ fún wọn.

Èmi náà ò fẹ́ kí ìjọba wá máa dá iye lé oúnjẹ. Àwọn àgbà wa rántí ọdún 1984, nígbà tí a ń tò fún mílíìkì, ṣúgà àti ọṣẹ lábẹ́ orúkọ ẹsẹ́ńkò. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ìyẹn padà wá. Ohun tí òfin ti fún wa tẹ́lẹ̀ tó wa lò. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ọdún 2018 sọ pé ẹni tó bá ń tajà gbọ́dọ̀ kọ iye rẹ̀ síta, kò sì gbọdọ̀ gba iye tó ju èyí tó kọ lọ. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, àjọ FCCPC tó ń mójú tó òfin yẹn ti ilé ìtajà ńlá Sahad pa l'Abújá, wọ́n ní iye tó wà lára pẹpẹ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń gbà ní kántà. Nítorí náà, ẹ máa gba rìsíìtì, kẹ́ ẹ sì kà á kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹ wò ó bóyá owó orí VAT tó jẹ́ ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún wà nínú iye orí bọ́ọ̀dù tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n fi í sí. Bí rìsíìtì bá ju bọ́ọ̀dù lọ, ẹ ya àwòrán méjèèjì, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí FCCPC.

Ìyá olóúnjẹ tó wà ládùúgbò náà ń fowó lé e, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n á wo ojú yín, á ní, “Ẹ má bínú, tòmátì ti wọ́n lọ́jà o.” Ẹ lè ní kó fún yín léènì, á sì ju ẹyọ pọ̀ǹmọ́ kan sí i. Tí tòmátì bá sọ̀, ẹ máa rí i nínú ọbẹ̀. Ẹ máa lọ sọ́dọ̀ wọn sí i, kì í ṣe nítorí àánú, nítorí pé wọ́n ń dá wa lóhùn ni.

Bí ẹnì kan bá bínú jáde nílé oúnjẹ, wọn ò ní mọ̀ pé ó lọ. Ẹgbẹ́ ni wọ́n máa ń mọ̀. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka èèyàn tó lé ní 1,270,000 ní Alímọ̀ṣọ́, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ tó pọ̀ tó o ní Èkó. Láàárín wa ni àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tó ń ra páàkì oúnjẹ rẹpẹtẹ fún ìpàdé ọdọọdún wà, àti àwọn ẹgbẹ́ àsàlátù, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, àti iléèwé aládàáni tó ń gba owó páàkì lọ́wọ́ òbí ní ìparí táàmù. Owó ńlá nìyẹn, àwọn mánẹ́jà ẹ̀ka sì mọ orúkọ ẹni tó ń kó o wá. Nígbà ìpàdé CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa, tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan dìde kó dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ kankan má tún fọwọ́ sí àádọ́ta páàkì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí mánẹ́jà tó kọ ọ́ sílẹ̀ ìgbà tí wọ́n fowó lé e gbẹ̀yìn, ohun tó fà á, ìwọ̀n ìrẹsì tó máa wà nínú ike kan, àti ìgbà tí iye yẹn ò ní yí padà. Kí wọ́n bọwọ́ lù ú. Bí wọ́n bá kọ̀, àwọn obìnrin tó ń se ìrẹsì nínú ọjà Ìkọ̀tún wà níbẹ̀, wọ́n lè gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ bá tètè bá wọn sọ ọ́ kó tó di ọjọ́ ayẹyẹ.