Kọ́sítáàdì Kì Í Ṣe Oúnjẹ Ọmọ

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ àsàlátù, láti Agosasa, Ìpókíá àti Ìdí Ìrókò títí dé Ìlaròó àti Ayétòrò, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Ó kan ọmọ tó wà lẹ́yìn yín, ó sì kan ẹ̀yin tí dókítà ti kìlọ̀ fún nípa ṣúgà.

Mo fẹ́ sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀: *kọ́sítáàdì kì í ṣe oúnjẹ ọmọ.* Kò fìgbà kan jẹ́ oúnjẹ ọmọ. Àwa la fi í joyè tí kò tọ́ sí i.

Mo ti mọ ohun tí àwọn àgbà kan máa fi dá mi lóhùn. Wọ́n á ní, "Òun ni wọ́n fún wa jẹ nílé ìwé, a ò kú." Ẹ̀yin tí ẹ gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì, ẹ̀yin tí wọ́n kọ́ ní ìtọ́jú ilé nílé ìwé àwọn míṣọ́nnárì, ẹ ṣì ń rántí bó ṣe máa ń dán nínú àwo, tó pọ́n bí ìyeyè, tí òórùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá ìjẹun. Àárò rẹ̀ ń sọ yín. Àárò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gbé e wá gan-an, àárò púdíìnì ilé ìwé wọn ṣì ń sọ àwọn arúgbó wọn títí dòní: kéèkì gbígbóná tí wọ́n da kọ́sítáàdì lé lórí, sẹmolínà tí wọ́n fi mílíìkì sè tí wọ́n sì fi jáàmù sí láàárín, tápíókà tí àwọn ọmọ ilé ìwé wọn sọ lórúkọ ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ nítorí bó ṣe rí wóróbo-wóróbo tó sì ń yọ̀. Ẹ lè rẹ́rìn-ín síbẹ̀: sẹmolínà yẹn ni àwa sọ di òkèlè, tápíókà yẹn sì rèé, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, èyí tí àwọn ará Ègùn ń tà fún wa láti Àgbádárìgì dé Àjàṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi púdíìnì wọn sí. Ẹ̀yìn oúnjẹ ni. Òfin Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣe ní 1944 sọ ọ́ di dandan fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ láti máa pèsè oúnjẹ ọ̀sán nílé ìwé. Ọmọ á kọ́kọ́ jẹ ẹran, pòtétò àti ẹ̀fọ́. Ìgbà tó bá yó tán ni púdíìnì àti kọ́sítáàdì tó dé, bí ìpanu. Àwa la gbé ìpanu wálé, tí a yọ oúnjẹ tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀ kúrò, tí a wá fi ìpanu náà lé ọmọ oṣù mẹ́fà lẹ́nu láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́.

Ẹ jẹ́ ká tú agolo yìí wò. Kọ́sítáàdì àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹyin, mílíìkì àti ṣúgà ni. Ẹyin ló ń mú un ki. Ní 1837, ọ̀gbẹ́ni apòògùn kan ní ìlú Birmingham, Alfred Bird, wá ọgbọ́n dá nítorí ìyàwó rẹ̀ tí ẹyin kì í bá lára mu. Ó fi sítáàṣì àgbàdo rọ́pò ẹyin. Ọkọ rere ni, ohun tó ṣe sì dára fún ìyàwó rẹ̀. Àmọ́ òun ni bàbá gbogbo kọ́sítáàdì ẹlẹ́bú tó wà lórí àtẹ ní ọjà wa lónìí. Ẹ ka ẹ̀yìn agolo náà, ẹ ó rí i: sítáàṣì àgbàdo, àwọ̀, òórùn fàníílà, iyọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ń fi fítámì díẹ̀ kún un. *Ẹyin kò sí níbẹ̀.* Àwọ̀ bí ìyeyè tí ìyá ọmọ ń wò tó ń rò pé ti ẹyin ni, wọ́n pò ó sí i ni.

Bird yọ ẹyin. Àwa náà, nígbà tí mílíìkì wọ́n, a yọ mílíìkì. Omi gbígbóná la fi ń pò ó, a ó bu mílíìkì ṣíbí kan wọ́n ọn lórí kó lè funfun lójú, a ó sì fi ṣúgà dí ìyókù. Ẹyin lọ, mílíìkì lọ. Kí ló wá kù? Sítáàṣì àti ṣúgà. Sítáàṣì tí ẹ fi sí aṣọ bàbá, aṣọ á dúró ṣánṣán. Èyí tí ẹ ń rọ sí ọmọ nínú lójoojúmọ́, kò lè mú ọmọ dúró.

Ohun tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Nílẹ̀ Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí, dókítà obìnrin kan wà tí wọ́n bí ní Jàmáíkà, Cicely Williams lorúkọ rẹ̀. Ní 1933, ó kọ̀wé nípa àìsàn kan tó rí lára àwọn ọmọ tí wọ́n ti gbà lẹ́nu ọmú, tó jẹ́ pé oúnjẹ àgbàdo nìkan ni wọ́n ń jẹ: ẹsẹ̀ wọn wú, irun wọn pọ́n, awọ wọn ń bó, inú wọn kì í dùn. Ní 1935, ó fi orúkọ tí àwọn Gá fúnra wọn ń pe àìsàn náà sínú ìwé: kwashiorkor, àìsàn ọmọ tí àbúrò ti lé kúrò lórí ọmú. Ẹ̀yin ìyá àgbà mọ̀ ọ́n. Fọ́tò irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé rí nígbà ogun Biafra. Ẹsẹ̀ tó wú yẹn, omi ni. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kí a tó máa yin ọmọ pé ó sanra.

Dókítà kan náà lọ sí Singapore. Ní 1939, ó dìde níwájú ẹgbẹ́ Rotary níbẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ kan tó pe àkọlé rẹ̀ ní "Mílíìkì àti Ìpànìyàn". Ohun tó ń bá jà ni mílíìkì aládùn inú agolo tí wọ́n ń tà fún àwọn ìyá bí ẹni pé ó tó ọmú. Ẹ ò rí i pé ó ti pẹ́ tí agolo tó dára lójú ti ń gba ipò oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn ìyá?

Ẹ gbọ́ mi yé o. Mi ò sọ pé ká kàn fi ògì rọ́pò kọ́sítáàdì, kí ọ̀rọ̀ parí. Àgbàdo ni Williams ń bá wí, ògì sì ti inú àgbàdo wá. Ògì tí a ti sẹ́, tí a ti da eérí rẹ̀ fún ewúrẹ́, tí a wá fi omi lásán pò fún ọmọ, kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju kọ́sítáàdì lọ. Ibi tí ògì ti dára jù ni pé owó rẹ̀ kéré, ọwọ́ ara wa la fi ń ṣe é, owó tó bá sì ṣẹ́ kù la lè fi ra ohun gidi kún un. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí àwọn onímọ̀ FIIRO, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Oshodi, ti ṣe ògì oní-sóyà nítorí ìdí yìí gan-an.

Àwọn mìíràn á ní, "Ṣúgà díẹ̀ kì í pa ọmọ." Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ àwọn tó ni púdíìnì. Nígbà ogun Hitler, láti 1940, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ṣúgà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Oṣù kẹsàn-án 1953 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Láìpẹ́, ṣúgà tí àwọn ènìyàn ń jẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ní 2024, àwọn olùwádìí tẹ àbájáde kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n fi àwọn tó wà nínú oyún tí wọ́n sì lo ọdún méjì àkọ́kọ́ wọn nígbà tí wọ́n ń wọn ṣúgà wé àwọn tí a lóyún wọn lẹ́yìn tí wọ́n tú u sílẹ̀. Nígbà tí gbogbo wọn dàgbà, ewu ìtọ̀ ṣúgà fi nǹkan bí ìdá 35 nínú 100 dín lára àwọn tí kò rí ṣúgà jẹ púpọ̀, ewu ẹ̀jẹ̀ ríru sì fi nǹkan bí ìdá 20 dín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà. Ohun tí a fi sí ọmọ lẹ́nu kó tó pé ọdún méjì ń bá a dé ọjọ́ ogbó.

Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé jáde ní 2023 kò fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú: láti oṣù mẹ́fà títí ọmọ á fi pé ọdún méjì, kò gbọdọ̀ mu ohun mímu aládùn, a kò sì gbọdọ̀ fi oúnjẹ tó kún fún ṣúgà bọ́ ọ. Ẹyin, ẹja tàbí ẹran ni kó máa jẹ lójoojúmọ́, pẹ̀lú èso àti ẹ̀fọ́. Ọmú nìkan títí oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn náà, ọmú àti oúnjẹ títí ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin àgbà, ọ̀rọ̀ yín náà rèé. Bí eyín bá ti ká, tàbí bí ènìyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé, kọ́sítáàdì ni àwọn ọmọ máa ń gbé wá, nítorí ó rọrùn láti gbé mì. Ohun tó rọrùn láti gbé mì yìí, kì í pẹ́ kó tó di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Àkójọ ìwádìí tí àwọn oníṣègùn ilẹ̀ wa tẹ̀ jáde ní 2018 fi hàn pé nǹkan bí ènìyàn mẹ́fà nínú 100 ní Nàìjíríà ló ní ìtọ̀ ṣúgà. Bí ẹ bá wà lára wọn, abọ́ kọ́sítáàdì oníṣúgà kì í ṣe ìtọ́jú. Ẹ má sì tan ara yín: ẹ̀kọ gbígbóná náà ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè. Ẹ mu ún níwọ̀nba, láìfi ṣúgà sí i, kí mọ́ínmọ́ín tàbí ẹja wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn, ẹ bi nọ́ọ̀sì tàbí dókítà yín kí ẹ tó yí oúnjẹ padà.

*Kí ni ká wá fún ọmọ?* Ẹ po ògì kó ki, kó má máa ṣàn dànù lórí ṣíbí. Bó bá ń hó lọ́wọ́ lórí iná, ẹ fi ẹ̀pà yíyan tí ẹ ti lọ̀ kúnná sí i, ṣíbí ìjẹun kan. Ẹ ṣa ẹ̀pà tó bu tàbí tó dúdú dànù kí ẹ tó lọ̀ ọ́, májèlé wà nínú bíbu yẹn. Ẹ fi edé tàbí ẹja gbígbẹ lílọ̀ ṣíbí kékeré kan kún un, àti epo pupa ṣíbí kékeré kan. Àwọ̀ ti epo pupa, ẹnikẹ́ni kò pò ó sí i. Ohun tí ara ń sọ di fítámì A ni. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ lu ẹyin sí i kí ẹ sì jẹ́ kó jinná dénú. Ẹ̀wà tí a bó èèpo rẹ̀, tí a sè tó rọ̀ tí a sì gún, dára bákan náà. Ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ tọ́ ọmọ wò; bí ara rẹ̀ bá sú, bí ojú rẹ̀ bá wú tàbí ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ẹ dá a dúró, kí ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Láti oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Láti oṣù mẹ́sàn-án lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ẹ kò lè rí rà ní ọjà Agosasa.

Bí àárò bá gbọ́dọ̀ sọ wá, ẹ jẹ́ kó jẹ́ àárò ohun tó ń ṣe ara lóore: àádùn tí wọ́n fi ìyẹ̀fun àgbàdo yíyan àti epo pupa ṣe, robo ẹlẹ́gùúsí, ẹ̀kuru. Mi ò ka gúúrúdi àti bàbá dúdú mọ́ wọn, nítorí ṣúgà ni ṣúgà ń jẹ́, ìbáà jẹ́ ìyá àgbà ló sè é. Mi ò sì ní kí ẹ da agolo kọ́sítáàdì nù. Ọmọ tó ti dàgbà, tó ti jẹ ẹ̀wà àti ẹja yó lọ́jọ́ Sunday, ẹ lè bu díẹ̀ fún un. Ibi tí àwọn tó ni ín fi í sí náà nìyẹn.

Ó ku ohun kan, ẹ̀yin ẹgbẹ́ obìnrin ni mo sì fẹ́ bá sọ ọ́. Bí ẹnì kan nínú wa bá bímọ, bọ́kẹ́ẹ̀tì kọ́sítáàdì, mílíìkì àti páálí ṣúgà la máa ń gbé lọ. A ó gbé e kalẹ̀, a ó ya fọ́tò, ìyá ọmọ á sì gbà pé ohun tí àwọn àgbà gbé wá ló yẹ kí òun fi tọ́ ọmọ. Ẹ̀bùn wa ti di ẹ̀kọ́. Ẹ jẹ́ ká yí i padà. Owó yẹn kan náà, ẹ fi ra kíréètì ẹyin kan, ẹ̀pà, ẹ̀wà, edé àti ìgò epo pupa kan. Kí ìyá àgbà kan sì jókòó ti ìyá ọmọ, kó fi bí wọ́n ṣe ń pò ó hàn án. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ ní ìpàdé yín tó ń bọ̀, kí ẹ sì fẹnu kò lé e lórí níbẹ̀.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin lẹ wà lọ́jà báyìí.

Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ mìíràn. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kà, ẹ bá a kà á sétí.