Àgbà Tó Jẹ Àjẹìwẹ̀yìn: Ọ̀rọ̀ Àwọn Tó Ń Ṣe Fóònù

Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ta ni kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ nínú wa? Ẹni tó jẹun tán láìṣẹ́kù fún ọmọdé kò ní rí ọmọdé tí yóò bá a gbé ẹrù. N kò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Àwọn tí mo fẹ́ kí òwe yìí bá wí ni àwọn tó ń ṣe fóònù tí à ń rà, tí wọ́n bá ti gba owó wa tán, tí wọn kì í bojú wẹ̀yìn mọ́.

Ohun tó bí mi nínú kò jìnnà. Ìyá kan tó ń ta ìrẹsì nílùú Ọ̀fàdà níbí ló mú fóònù rẹ̀ wá bá mi pé, "Ọmọ mi, bá mi wo nǹkan yìí, báńkì ò gbà mí wọlé mọ́." Mo wò ó. Áàpù báńkì ló ní Android tó wà nínú fóònù náà ti pẹ́ jù, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ò sì fi tuntun ránṣẹ́ sí i mọ́, àfi kó wá fóònù mìíràn. Ojú fóònù náà kò fọ́, bátìrì rẹ̀ ń gbé e dalẹ́, ohùn rẹ̀ ń dún ketekete. Àwọn oníbàárà Ìyá yìí ń ti Èkó wá ra ìrẹsì, orí fóònù ni wọ́n sì ti ń san owó. Inú áàpù yẹn ni Ìyá ti ń wò ó bóyá owó ti wọlé lóòótọ́ kó tó jẹ́ kí wọ́n gbé àpò ìrẹsì sínú ọkọ̀. Bí áàpù ò bá sí, àtẹ̀jíṣẹ́ ló kù, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn oníjìbìtì ti ń fi alẹ́ẹ̀tì ayédèrú gba ọjà lọ́wọ́ oníṣòwò. Ẹ wá wo ẹni tó ń ru igbá báyìí: ẹni tí kò jẹun rárá ni.

Láti ìgbà Symbian, ètò tó ń gbé fóònù Nokia ṣiṣẹ́ nígbà kan, ni mo ti ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ update, ìyẹn àtúnṣe tí ilé iṣẹ́ ń ṣe sí ètò inú fóònù tí a ti rà, mo sì mọ ìyà tó wà nídìí rẹ̀ nígbà náà. Lórí Nokia, èèyàn á tẹ *#0000# kó lè mọ ẹ̀dà ètò tó wà nínú tirẹ̀. Bí tuntun bá ti jáde, àfi kó wá kọ̀ǹpútà, kó fi wáyà so fóònù mọ́ ọn, kó sì rí i pé bátìrì kún. Bí iná bá lọ lágbedeméjì iṣẹ́, fóònù lè kú pátápátá. Lórí àwọn Nokia tó ṣáájú, gbogbo nọ́ńbà àti àtẹ̀jíṣẹ́ inú rẹ̀ ni yóò pa rẹ́. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ kó wọn pamọ́ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ nọ́ńbà kiri. Samsung ní Kies, ètò orí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, BlackBerry ní Desktop Manager, iPhone ò sì lè ṣe é láìsí iTunes títí iOS 5 fi dé lọ́dún 2011. A fara dà á, torí pé ohun tó ń kọsẹ̀ tẹ́lẹ̀ nínú fóònù á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ dáadáa. Owó tí a san lẹ́ẹ̀kan ṣì ń so èso.

Ìwà àjẹìwẹ̀yìn ò pẹ́ kó tó yọjú. HTC Dream, fóònù Android àkọ́kọ́ tó dé ọjà lọ́dún 2008, orí Android 1.6 ni wọ́n já a sí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2012, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta Lumia 900, fóònù Windows ti Nokia, l'Amẹ́ríkà. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹfà ọdún kan náà, Microsoft kéde pé Windows Phone 8 tó ń bọ̀ kò ní wọ inú èyíkéyìí nínú àwọn fóònù Windows tó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Oṣù méjì péré! Nígbà tí BlackBerry 10, ètò tuntun ti ilé iṣẹ́ BlackBerry, dé ní oṣù Kìíní ọdún 2013, àwọn tó fi owó gọbọi ra Bold 9900 kò rí i gbà. Ilé iṣẹ́ náà ṣèlérí fún àwọn tó ra PlayBook, tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀, pé tiwọn ń bọ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn, ó yẹ àdéhùn.

Òwe náà mú àwọn kan nínú wọn. Nokia ta iṣẹ́ fóònù rẹ̀ fún Microsoft lọ́dún 2014. BlackBerry tí àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà ń tọrọ PIN rẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, lọ́wọ́ ara wọn nígbà kan, ọjọ́ 4 oṣù Kìíní ọdún 2022 ni wọ́n dáwọ́ dúró lórí gbogbo ohun tó ń gbé àwọn fóònù rẹ̀ àtijọ́ ró. Mo mọ̀ pé iPhone àti Android ló gba ọjà lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n oníbàárà tí a ti já kulẹ̀, kí ni yóò dúró ṣe nígbà tí ẹlòmíràn bá pè é?

Àwọn tó gba ọjà náà ńkọ́? Google á kọ Android tuntun, á jù ú sílẹ̀ fún ẹni tó ṣe ọpọlọ fóònù, bíi Qualcomm àti MediaTek. Ìyẹn á tún un ṣe, á fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù. Ẹnìkan nínú wọn ṣáà ní láti sọ pé òun ò rówó ná sórí fóònù ọdún tó kọjá, iṣẹ́ á sì dúró síbẹ̀. Google ti tún ètò yìí tò lọ́dún 2017, nígbà Android 8, kí update lè yá. Àwáwí ti dín kù láti ìgbà náà, àmọ́ fóònù tí wọ́n pa tì kò dín kù tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. WhatsApp pàápàá pa ilẹ̀kùn dé mọ́ Android 2.3 ní oṣù Kejì ọdún 2020, ó tún pa á dé mọ́ 4.4 lọ́dún 2025.

Àwọn kan á ní fóònù olówó pọ́ọ́kú ni à ń rà, kí la tún ń retí? N ò gbà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2015, Google àti Infinix gbé Hot 2 jáde ní Nàìjíríà lábẹ́ ètò Android One, nǹkan bí ₦17,500 ni. Android 5.1 ló gbé wá, ó sì rí 6 gbà. Fóònù tálákà ni, wọ́n sì rántí rẹ̀.

Wọ́n máa ń sọ pé ká kọ́kọ́ lé akátá lọ, ká tó fàbọ̀ sórí adìyẹ. Mo ti sọ ti akátá. Àwa náà ńkọ́, tí update dé ọwọ́ wa tí a ní ó dìgbà mìíràn, pé dátà á tán, pé ó ń ba fóònù jẹ́? Ẹ̀rù yẹn nídìí o. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, Apple jẹ́wọ́ pé update òun ń dín iyára àwọn iPhone tí bátìrì wọn ti gbó kù, kí wọ́n má baà máa kú lójijì. Àwọn aláṣẹ Ítálì bu owó ìtanràn lé Apple àti Samsung lórí irú ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 2018; Faransé gba mílíọ̀nù 25 owó yúrò lọ́wọ́ Apple lọ́dún 2020. Síbẹ̀, ẹ rántí Stagefright, ihò tí wọ́n rí lára Android lọ́dún 2015: ẹni ibi kàn ní láti fi àtẹ̀jíṣẹ́ tó gbé fídíò dání ránṣẹ́ sí nọ́ńbà rẹ, ó lè ti ibẹ̀ wọnú fóònù. Ìdí nìyẹn tí àtúnṣe ààbò fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lóṣooṣù. Ẹ má fi irú èyí falẹ̀ rárá, pàápàá bí owó yín bá wà lórí fóònù. Èyí tó ń sọ Android di tuntun pátápátá ni ẹ lè mú sùúrù fún díẹ̀, kí ẹ gbọ́ ohun tí àwọn tó ti gbà á ń sọ.

Akátá náà ni ọ̀rọ̀ tún kàn. Samsung ṣèlérí update ọdún méje lórí Galaxy S24, Google ṣe bẹ́ẹ̀ lórí Pixel 8; ó ṣeé ṣe nígbà náà. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024, dandan ni ní Bìrìtìkó kí ilé iṣẹ́ sọ ìgbà tí àtúnṣe ààbò fóònù yóò parí. Láti ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà ọdún 2025, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ní update kò gbọdọ̀ dín ní ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ta irú fóònù náà kẹ́yìn. Ní Nàìjíríà, NCC, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, ló ń fọwọ́ sí irú fóònù tó gbọ́dọ̀ wọ ọjà wa. Kí wọ́n fi èyí kún un: iye ọdún tí update yóò fi wà gbọ́dọ̀ hàn gbangba lára páálí, FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, á sì fìyà jẹ ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́. Kí ìyẹn tó dé, ẹni tó bá fẹ́ ra fóònù l'Abẹ́òkúta tàbí ní Computer Village n'Ìkẹjà, kó bèèrè iye ọdún yẹn kó tó san kọ́bọ̀. Bí òǹtajà ò bá rí èsì fọ̀, ẹ gbé owó yín kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.