ILÉ ÒṢÌṢẸ́ KÌ Í ṢE ILÉ ÒPÈ

Ọ̀rọ̀ owó oṣù la sábà máa ń sọ ní ojú ìwé yìí. Lónìí, ọ̀rọ̀ ibi tí owó oṣù náà ń gbà lọ la fẹ́ sọ.

Bí òṣìṣẹ́ bá gbowó, tó yọ owó ilé, owó oúnjẹ àti owó ọkọ̀ kúrò, owó lẹ́sìnnì ọmọ ló kàn. Ọmọ á ti ilé ìwé dé ní ọ̀sán, á tún kọrí sí lẹ́sìnnì títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Kí ló ń ṣe níbẹ̀? Ó ń da ohun tó wà lára pátákó kọ sínú ìwé. Ẹ bi í pé kí ni ìtumọ̀ ohun tó kọ, á ní òun ò mọ̀. Ẹ ní kó kọ lẹ́tà kúkúrú sí ìyá rẹ̀ àgbà, á máa họ orí. Ọdún mẹ́fà la fi ń sanwó, síbẹ̀ ọmọ kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ̀kọ́ nìyẹn?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwàdà. Ẹni tí kò lè kọ̀wé fúnra rẹ̀ ni ọ̀gá máa ń fún ní kúẹ́rì láàárọ̀, tí yóò máa sá kiri títí di alẹ́ láti wá ẹni tí yóò bá a dáhùn. Òun náà ni wọ́n ń gbé ìwé àdéhùn síwájú rẹ̀ tí wọ́n ní kó tẹ̀ka. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ nídìí ẹ̀rọ, ìròyìn tí fóòmánù bá kọ ni ilé iṣẹ́ ń gbà, nítorí pé ẹni tó fara pa kò kọ tirẹ̀. Ìyà yìí ti jẹ wá tó. Kò yẹ kó tún jẹ àwọn ọmọ wa.

Àwọn òbí kan wà tí wọn kì í rán ọmọ lọ sílé ìwé rárá, ilé ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ní Amẹ́ríkà, láti 1993 ni èyí ti bófin mu ní gbogbo ìpínlẹ̀. Ọ̀nà tí púpọ̀ nínú wọn ń gbà ni pé wọ́n á mú ohun kan ṣoṣo, wọ́n á sì ka ìṣirò, ìtàn, ìmọ̀ ilẹ̀, sáyẹ́ǹsì àti ìwé kíkọ lé e lórí fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn díẹ̀ tó rí jájẹ nílùú wa náà ń ṣe é.

Kí a sọ òótọ́: àwa kọ́ ni yóò yọ ọmọ kúrò nílé ìwé. Ta ni yóò jókòó tì í láàárọ̀ nígbà tí bàbá wà lójú títì, tí ìyá sì wà nídìí ẹ̀rọ? Òfin ẹ̀kọ́ UBE ti 2004 sì pa á láṣẹ fún òbí pé kí ọmọ lọ sílé ìwé títí yóò fi parí kíláàsì kẹta girama. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní 1955 kì í ṣe ohun tí tálákà yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé sọnù. Kí ọmọ máa lọ sílé ìwé. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ohun-kan-ṣoṣo yẹn, ẹ jẹ́ kí a gbà á, nítorí pé ohun tí a nílò fún un kún ọwọ́ wa.

Ẹ mú ọkọ̀ fún àpẹẹrẹ. Ní ọjọ́ Ajé, kí ọmọ kọ orúkọ gbogbo ohun tó wà lára ọkọ̀ bí bàbá ṣe ń pè é, kó sì kọ iṣẹ́ tí olúkúlùkù ń ṣe. Ní ọjọ́ kejì, ìṣirò ni: bí èrò 14 bá san ₦500 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, tí ọkọ̀ sì lọ ní ìgbà mẹ́rin, ₦28,000 nìyẹn, kí ló kù lẹ́yìn epo, lẹ́yìn owó ọlọ́kọ̀, lẹ́yìn owó gáréèjì? Ọmọ tó bá ṣe ìṣirò yẹn yóò mọ̀ ju iye lọ. Yóò mọ ẹni tó ń jẹ èrè òógùn bàbá rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, kó ya ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, kó sọ ìpínlẹ̀ mẹ́ta tí ọkọ̀ yóò tẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ẹ sọ ìtàn fún un: pé 1901 ni ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn, àti pé ní 1945, Michael Imoudu àti àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè wà níwájú nínú ìyanṣẹ́lódì ńlá tí wọ́n fi béèrè àfikún owó nítorí ọ̀wọ́n ọjà. Ní ọjọ́ karùn-ún, kó kọ ohun kan fúnra rẹ̀: bí a ṣe ń pààrọ̀ táyà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ẹni tí kò ṣe é rí yóò fi lè kà á, kó sì ṣe é.

Ẹni tó wà nílé iṣẹ́ aṣọ, kó mú òwú. Ẹni tó ń ṣe ọṣẹ, kó mú ọṣẹ.

Nípa ìwé kíkọ yìí, ẹ fara balẹ̀. Kí ọmọ kọ́kọ́ fẹnu sọ ọ́. Lẹ́yìn náà kó kọ ọ́ láìdúró. Ẹ má tíì bá a wí nítorí àṣìkọ. Kó kà á sókè fún gbogbo ilé, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè ibi tí kò bá yé yín: “Jáàkì dà? O ò tíì sọ ibi tí wọ́n ń gbé e sí.” Ibẹ̀ ni yóò ti rí i pé ẹni tó ń kọ̀wé gbọ́dọ̀ ro ti ẹni tí yóò kà á. Ìgbà náà ni kó tún un kọ, kó sì fi àmì sí i, nítorí ọkọ kì í ṣe ọkọ́, ọkọ́ kì í ṣe ọkọ̀, ọkọ̀ kì í sì í ṣe ọ̀kọ̀. Bí bàbá kò bá mọ̀wé, kò burú. Bàbá ló mọ iṣẹ́, ọmọ ló mọ lẹ́tà. Àwọn méjèèjì ni yóò jọ ṣe é.

Àwọn kan yóò ní, “Òyìnbó ni wọn yóò fi ṣe ìdánwò, kí ni a fẹ́ fi Yorùbá ṣe?” Ẹ̀yin èèyàn wa, a ti dáhùn ìyẹn tipẹ́. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ní ilé ìwé St. Stephen's ‘A’ ní Modákẹ́kẹ́, tí olùkọ́ ọ̀tọ̀ sì ń kọ́ wọn ní Òyìnbó. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn nínú Òyìnbó, wọ́n sì ṣe dáadáa nínú iṣẹ́ yòókù. Síbẹ̀, ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2022, pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n fagi lé e ní 2025. Bí ìjọba bá ti èdè wa síta, inú ilé wa ló yẹ kó wọlé sí.

Ẹlòmíràn yóò ní òun kò ráyè. Òótọ́ ni, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan ẹgbẹ́. Ẹni tí wọ́n ń yí iṣẹ́ rẹ̀ láti ọ̀sán sí alẹ́ láìsọ tẹ́lẹ̀, nígbà wo ni yóò rí ojú ọmọ rẹ̀? Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni kí a gbé lọ sí ìpàdé ẹ̀ka. Àkọ́kọ́, kí àwọn ọ̀gá máa lẹ ètò iṣẹ́ ọ̀sán àti iṣẹ́ alẹ́ mọ́gi ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Èkejì, kí a ṣí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ní gbogbo Sátidé, kí awakọ̀ kan, aránṣọ kan, tàbí wẹ́dà kan máa wá sọ iṣẹ́ rẹ̀ fún wọn, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí ìwé ìròyìn yìí máa tẹ èyí tó bá dára jù nínú ohun tí wọ́n kọ.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹgbẹ́ yìí náà jẹ́ ilé tí a kọ́. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ni yóò jókòó ní ìdojúkọ àwọn ọ̀gá lọ́la láti jíròrò owó oṣù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú bírò lọ́wọ́ lọ, kí wọ́n sì mọ ohun tí wọn yóò fi kọ.