Ta Ló Ń Tọ́jú Tiransifọ́mà Àdúgbò Yín?

Ẹ̀yin ará, a mọ ayẹyẹ ṣe nígbà tí tiransifọ́mà tuntun bá dé. Olóṣèlú á gé ríbọ́ọ̀nù, àwọn èèyàn á jó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ bá wá yẹ epo inú rẹ̀ wò, kò sẹ́ni tí yóò pàtẹ́wọ́. Níbẹ̀ gan-an ni ìṣòro iná wa wà.

Iṣẹ́ méjì ni epo yẹn ń ṣe: ó ń mú kí tiransifọ́mà tutù, kì í sì í jẹ́ kí iná fò láti ibi kan sí ibòmíràn nínú rẹ̀. Bí omi bá wọ inú epo, tàbí tí epo ń jò tí kò sẹ́ni tó dí i, tiransifọ́mà náà lè bú gbàmù. Fíúsì ńkọ́? Ńṣe ni wọ́n ṣe é kó máa já bí iná tí à ń fà bá pọ̀ jù. Àwọn kan á wá fi waya tó nípọn rọ́pò rẹ̀. Bí fíúsì kò bá lè já mọ́, tiransifọ́mà ni yóò jó.

Bó ṣe rí ládùúgbò ló rí lókè. Ní October 19, 2024, iná gbogbo orílẹ̀-èdè lọ. Ìròyìn àkọ́kọ́ ni pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló bú ní ibùdó iná Jẹ́bà. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, ẹbọ ní í máa gbà.

Ọ̀pọ̀ àdúgbò ló ń dá owó ra tiransifọ́mà fúnra wọn. Bẹ́ẹ̀, àjọ NERC ti sọ ọ́ pé iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná ni. Bó bá di dandan kí ẹ dáwó, ẹ kọ́kọ́ gba ìwé àdéhùn bí wọn yóò ṣe san án padà. Kí ẹgbẹ́ onílé yín kọ̀wé béèrè: ìgbà wo ni ẹ yẹ epo wa wò kẹ́yìn? Ta ló pààrọ̀ fíúsì wa? Ẹ pa ẹ̀dà ìwé náà mọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ àdúgbò kankan gun tiransifọ́mà. Ẹ̀mí kò láàrọ̀.

Ẹ̀yin aláṣẹ, èmi náà òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Mo mọ̀ pé ohun tí kò bá sí nínú ìwé ìnáwó, a kì í ṣe é. Ẹ ya owó ìtọ́jú sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, kí ẹ sì jẹ́ kí ará ìlú mọ ohun tí ẹ fi ṣe. Aránṣọ àti ilé ìwòsàn kò lè fi ayẹyẹ ṣiṣẹ́. Iná ni wọ́n nílò.